Wọn Kò Gbàgbé: Èsì Fáwọn Tó Gba Ìtàn Igi Ìgbàgbé Gbọ́

Ẹ̀yin ará Adja-Ouèrè, ẹ̀yin ará Ikpinlè, ẹ̀yin ará Massè àti gbogbo abúlé tó yí wa ká, ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti ń sọ pẹ́ tó fi dà bí òótọ́. A ní àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gba Ouidah kọjá gbàgbé ilé pátápátá, nítorí pé wọ́n mú wọn yí igi kan po kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Olùkọ́ ń fi kọ́ ọmọ, pásítọ̀ ń fi wàásù. Àlejò tó ti Amẹ́ríkà wá gbọ́ ọ, ó sunkún, ó ya fọ́tò. Irọ́ ni.

Ibi tí irọ́ náà ti ń jáde kò ṣòroó mọ̀. Bí ẹ bá dé Ouidah tí ẹ gba afinimọ̀nà, gbàgede Chacha ni ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀, nítòsí ilé àwọn de Souza, ìdílé oníṣòwò ẹrú ayé ọjọ́un. Láti ibẹ̀ ẹ óò fẹsẹ̀ rìn bíi kìlómítà mẹ́rin sí etí òkun, nítorí ìlú náà kò sí létí omi bí ọ̀pọ̀ ti rò. Ọ̀sà wà láàárín òun àti òkun. Ẹ óò rí àwọn ère tí Cyprien Tokoudagba mọ sẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ óò dé ibi Igi Ìgbàgbé, ẹ óò kan abúlé Zoungbodji àti Igi Ìpadàbọ̀, kí ẹ tó yọ sí Ẹnubodè Àìpadàbọ̀ tí wọ́n ṣí ní 1995. Igi Ìgbàgbé fúnra rẹ̀ kò sí mọ́, ère ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Afinimọ̀nà á dúró níbẹ̀, á ní Agaja, ọba Dàhòmì, ló gbìn ín, á ní ọkùnrin a yí i po lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀meje, gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ara wọn a sì pòórá.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má rin ọ̀nà yẹn o. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí wọ́n kó gba Ouidah lọ. Ní gbogbo Áfíríkà, Luanda nìkan ni wọ́n ti kó jù bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ rìn ín, kí ẹ mú ọmọ yín dání. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ayẹyẹ Ouidah 92, tí wọ́n padà ṣe ní 1993, ló bí àwọn ère àti ibi ìdúró wọ̀nyẹn. Àwọn òyìnbó tó dé ibẹ̀ nígbà òwò ẹrú kọ̀wé títí ọwọ́ fi ń ro wọ́n: Snelgrave tẹ tirẹ̀ jáde ní 1734, Forbes ní 1851, Burton ní 1864. Òpìtàn Robin Law, tó tú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò fínnífínní fún ìwé rẹ̀ lórí Ouidah ní 2004, kò rí ẹ̀rí igi yìí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ gbà pé igi wà. Afinimọ̀nà kan náà ló máa mú yín dé Igi Ìpadàbọ̀, tí yóò ní wọ́n yí ìyẹn po lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ̀mí wọn lè padà sílé lẹ́yìn ikú. Ilé wo? Ẹni tí kò rántí ìlú baba rẹ̀ mọ́, ọ̀nà ibo ni ẹ̀mí rẹ̀ yóò mú? Ẹ bi í. Èmi ti bi wọ́n rí, ẹ̀rín ni wọ́n fi dáhùn.

Ilà ojú ńkọ́? Yíyí igi po ha ń pa ilà rẹ́ bí? Ní Bahia, ní Brazil, akọ̀wé máa ń kọ Nàgó, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá, sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹrú. Àwọn Nàgó wọ̀nyí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dìtẹ̀ ní Salvador ní oṣù kìíní 1835. Títí dòní, ilé òrìṣà wà níbẹ̀ tó ń pe ara rẹ̀ ní ti Kétu, tí wọ́n ń fi èdè wa kọrin. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ náà ọ̀pọ̀ wọ ọkọ̀ padà, àwọn mìíràn nítorí pé wọ́n lé wọn, àwọn mìíràn nítorí pé wọ́n ti fi owó ara wọn ra ara wọn padà. Agoué, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Èkó ni wọ́n sọ̀ sí, pẹ̀lú Ouidah kan náà tí wọ́n ní wọ́n ti gbàgbé. Àwọn ni à ń pè ní Àgùdà. Ẹ lọ wo mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́, tó dà bíi ṣọ́ọ̀ṣì Brazil, kí ẹ wá sọ fún mi pé àwọn tó kọ́ ọ kò rántí nǹkan kan ní ìhà méjèèjì òkun.

Kossola ló yẹ kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé wa mọ̀. Ọmọ Yorùbá ni. Sylviane Diouf, tó ṣèwádìí rẹ̀, ní apá Bantè ló ti wá. Ní 1860, nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọmọ ogun Dàhòmì, ọkùnrin àti obìnrin, ya wọ ìlú rẹ̀ ní ìdájí. Wọ́n kó o dé Ouidah, wọ́n tì í mọ́ inú ọgbà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì tà á fún ọ̀gákọ̀ Clotilda pẹ̀lú ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọkọ̀ náà já wọn sí Mobile, ní Alabama. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí tí wọ́n dòmìnira, ilé ni wọ́n fẹ́ padà sí, owó ọkọ̀ ni kò sí. Ni wọ́n bá ra ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n tẹ Africatown dó. Wọ́n fi Gumpa ṣe olórí. Ọmọ Dàhòmì ni Gumpa, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kossola fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní orúkọ méjì-méjì: èyí tí ìwé ń pè ní Aleck, Iyadjemi ni orúkọ rẹ̀ kejì. Ní 1927, ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin lẹ́yìn tó kúrò ní Ouidah, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà náà, Zora Neale Hurston, jókòó tì í, ó sì sọ ìtàn baba rẹ̀ àti baba baba rẹ̀ fún un, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe pa ọba ìlú rẹ̀. 1935 ló kú. Etíkun tí afinimọ̀nà ń tọ́ka sí náà ni wọ́n ti kó o lọ.

Ta ni irọ́ yìí ń ṣe láǹfààní? Ó ń ṣe ẹni tó tà wọ́n láǹfààní, torí ó ń sọ ìwà ìkà di oògùn. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ebi àti irin gbígbóná tí wọ́n fi ń sàmì sí wọn lára di ohun tí a ń kọjá lára rẹ̀ kíákíá. Igi la ń dúró wò. Ó sì ń ṣe àwa tó kù nílé láǹfààní, torí bí wọ́n bá ti gbàgbé wa, kò sóhun tó kàn wá láti wá wọn.

Níbí gan-an ni a ti gbàgbé. Kétu wà ní àríwá wa. Ní 1886 Dàhòmì fọ́ ọ. Òwò ẹrú ojú òkun ti dópin nígbà náà, Àgbómẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhòmì, àwọn tó kù padà wá tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Nítòsí wa náà ni àwọn Ọ̀họ̀rí, tí amọ̀ dúdú ilẹ̀ wọn máa ń di àbàtà lójò; àbàtà yẹn gba ẹ̀mí là nígbà ogun Dàhòmì, ó sì tún yọ Faransé lẹ́nu nígbà tí àwọn Ọ̀họ̀rí dìtẹ̀ sí wọn ní 1914 sí 1915. Ọmọ wa mélòó ló mọ èyí? A ń gba bọ́ọ̀sì kó wọn lọ wo ère ní etíkun, à ń gba ojú ìtàn tiwa kọjá láì dúró.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní ẹni tó bá ba ìtàn igi jẹ́ ti ba owó arìnrìn-àjò jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 2024, òfin Bẹ̀nẹ̀ ti fàyè gba ọmọ àwọn tí wọ́n kó lọ láti di ọmọ orílẹ̀-èdè wa. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé Ouidah, ṣé a óò wí fún un pé ìyá ńlá rẹ̀ kò rántí ibi tó ti wá? Kí afinimọ̀nà dúró níbi ère yẹn, kí ó sọ ìtàn Kossola fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ó sì ní bí àyè bá wà, kí ó máa bọ̀ lókè lọ́hùn-ún, ní Kétu, ní Pobè, ní Adja-Ouèrè. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ bẹ́ẹ̀, àwa ni kí a ti múra ohun tí a óò fi hàn án sílẹ̀.