Ìmọ̀ràn fún Agboolé: Orin Nínú Ọkọ̀, àti Iná Tí Ó Lè Bá A Wọlé

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ mọ́ ohun kan tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́ wa, àti láàrin àwọn bàbá ilé pẹ̀lú: èyíinì ni bí ènìyàn ṣe lè fi rédíò àti sípíkà tuntun sí inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ rẹ̀, nígbà tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, tí ó sì fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Kò sí ẹ̀bi nínú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ bá ti dá dúró lójú ọ̀nà Èkó láti òwúrọ̀ mọ irú ìtùnú tí orin dídùn àti ìròyìn lè mú wá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Galvin Manufacturing Corporation ní ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà, gbé rédíò ọkọ̀ tí wọ́n sọ ní Motorola jáde ní ọdún 1930, iye owó rẹ̀ ju dọ́là 100 lọ, owó ńlá sì ni èyí ní ìgbà náà. Lónìí, òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan lè lọ sí ọjà Àlàbá ní Èkó, kí ó sì ra rédíò tí yóò máa gba orin láti inú fóònù rẹ̀ láìsí okùn kankan láàrin wọn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a fẹ́ kí ó yé yín dáadáa, nítorí òun ni gbòǹgbò gbogbo ohun tí a ó kọ: ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ibi tí ojú kò tó ni kí ó kọ́kọ́ náwó sí. Wáyà, fíúsì, ìsopọ̀ tí ó dì dáadáa, àti ojú irin tí a so wáyà mọ́, àwọn wọ̀nyí kì í dán, àlejò kò sì ní yìn wọ́n. Síbẹ̀ àwọn ni ó dúró láàrin orin àti iná.

NÍ TI RÍRÀ

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí a kọ sára páálí. Ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ ni a kọ ọ́ sí lára pé agbára rẹ̀ jẹ́ watt 50 sí sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Rédíò náà kò ní orísun iná mìíràn ju ti ọkọ̀ lọ. Bátìrì tí ó kún ní nǹkan bí volt 12.6 nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó lè gòkè dé volt 14 tàbí kí ó lé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ sípíkà ọkọ̀ sì jẹ́ ti ohm 4. Láti inú volt 14.4, ohùn tí ó mọ́ tí ó lè lọ sí irú sípíkà bẹ́ẹ̀ kò lè ju watt 26 lọ nínú ìṣirò, àní nǹkan bí 20 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ ni a sábà máa ń rí. Watt 50 tí wọ́n kọ jẹ́ ti ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ohùn ti fọ́ tán. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi ọjà kan wé òmíràn, ẹ wá lẹ́tà RMS lára páálí, kí ẹ sì ka iye tí ó wà níwájú rẹ̀. Òun ni agbára tí ẹ̀rọ náà lè máa gbé láìdáwọ́ dúró.

Ẹ má ṣe ra ohun mẹ́rin tí kò dára ní ọjọ́ kan. Ẹ kọ́kọ́ ra rédíò. Nígbà tí owó bá tún dé, ẹ pààrọ̀ sípíkà méjì tí ó wà ní ilẹ̀kùn iwájú, nítorí níwájú ni awakọ̀ ń jókòó. Sípíkà tí ó dára a sì máa mú kí rédíò kékeré dún ju bí ẹ ti rò lọ. Áńpílífáyà lè dúró di ẹ̀yìn, bí ẹ bá tilẹ̀ rí i pé ẹ nílò rẹ̀.

Ẹ wọn àyè kí ẹ tó sanwó. Ihò rédíò tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ nǹkan bí ínṣì 7 ní fífẹ̀ àti ínṣì 2 ní gíga. Èyí tí ó jẹ́ ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ ínṣì 4 ní gíga. Ihò ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota fẹ̀ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sì ní láti fi férémù dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ti ilẹ̀kùn, ẹ yí gíláàsì wálẹ̀ pátápátá kí ẹ tó wọn bí inú rẹ̀ ti jìn tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti de sípíkà mọ́lẹ̀ tán kí wọ́n tó rí i pé gíláàsì kò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́.

Ní ti wáyà, ẹ bèèrè èyí tí ó jẹ́ bàbà gidi. Ọ̀pọ̀ wáyà olówó pọ́ọ́kú jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù tí a fi bàbà bò lójú lásán. Ẹ fi ọ̀bẹ há okùn kan nínú rẹ̀: bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ mọ̀ pé alumíníọ́ọ̀mù ni. Iná tí irú èyí lè gbé kò tó ti bàbà tí wọ́n jọ tóbi bákan náà, ó sì tètè máa ń gbóná.

NÍ TI FÍFI WỌ́N SÍ INÚ ỌKỌ̀

Èkíní, kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ tú wáyà orí bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò (−). Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí ẹ dá padà kẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí: gbogbo irin ara ọkọ̀ ni a so mọ́ orí yìí. Bí ó bá jẹ́ orí kejì, èyí tí ó ní àmì àròpọ̀ (+), ni ẹ kọ́kọ́ ń tú, tí sípánà yín sì kan irin ọkọ̀, iná ńlá yóò ṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Èkejì, bí ẹ bá rí wáyà tí a fi ọ̀rá yẹ́lò bò, tàbí ojú ìsopọ̀ yẹ́lò, lẹ́bàá ọwọ́ ìtukọ̀ tàbí lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ fi í sílẹ̀. Ti àpò afẹ́fẹ́ tí ń bẹ́ jáde nígbà ìjàm̀bá ni, a kò sì gbọdọ̀ fi tẹ́sítà kàn án.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe gé orí wáyà tí ó bá ọkọ̀ wá. Orí àsopọ̀ kan wà ní ọjà Ládípọ̀ àti níbòmíràn, tí a ṣe fún irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ so wáyà rédíò tuntun mọ́ ọn lórí tábìlì, kí ẹ sì kì í bọ inú ti ọkọ̀. Lára ọ̀pọ̀ rédíò tuntun, wáyà yẹ́lò ni ó ń gba iná nígbà gbogbo, pupa ń gba iná nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, dúdú sì ń lọ sí ara irin ọkọ̀. Funfun jẹ́ ti sípíkà iwájú ní apá òsì, eérú ti iwájú ní apá ọ̀tún, àwọ̀ ewé ti ẹ̀yìn ní apá òsì, àti àwọ̀ àlùkò ti ẹ̀yìn ní apá ọ̀tún. Èkejì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìlà dúdú lára. Ẹ rántí pé àwọ̀ ti rédíò ni èyí, kì í ṣe ti ọkọ̀. Ẹ wo ìwé tí ó bá rédíò yín wá. Bí ẹ bá so pupa àti yẹ́lò pọ̀ sí ibi tí iná wà nígbà gbogbo, rédíò yóò máa mu bátìrì ní òru, ẹ ó sì bá ọkọ̀ ní òkú ní òwúrọ̀. Ẹ má sì ṣe so wáyà sípíkà kankan mọ́ irin ọkọ̀, kí rédíò má bàa jó.

Ẹ̀kẹrin, wáyà tí a kàn lọ́ pọ̀ tí a fi téèpù wé kì í pẹ́. Oòrùn a máa yọ́ àtè téèpù náà, gbígbọ̀n ọkọ̀ a sì máa tú u. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, tàbí kí ẹ fi irin ìsopọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, kí ẹ sì fi ọ̀rá bò ó.

Ẹ̀karùn-ún, ibi tí ẹ bá so wáyà dúdú mọ́, ẹ ha ọ̀dà kúrò lójú irin náà títí yóò fi dán, kí ẹ sì fi bóòtì dè é pinpin. Ọ̀dà kì í gbé iná. Bí orin bá ń dá dúró fúnra rẹ̀, tàbí tí ó ń hó gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnnì ti ń yára sí i, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ọ̀RỌ̀ FÍÚSÌ

Àwọn àgbà wa wí pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni fíúsì rí. Owó rẹ̀ kéré ju ti ohun gbogbo yòókù lọ, síbẹ̀ òun ni ẹ̀mí ọkọ̀ gbé lé.

Ẹni tí ó bá fi áńpílífáyà sí búùtù gbọ́dọ̀ fa wáyà ńlá kan láti orí bátìrì, kí ó gba ara ògiri irin tí ó ya ẹ́ńjìnnì nípa, kí ó sì gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì dé ẹ̀yìn. Ẹ wo bí ọ̀nà náà ti gùn tó, àti iye irin mímú tí ó wà níbẹ̀. Bí irin kan bá gé ara wáyà náà ní ọjọ́ kan, bátìrì lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ampere jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà yóò pọ́n bí ẹyin iná, kápẹ́ẹ̀tì àti àga yóò sì gbà á. Pípa rédíò kò ní dá a dúró, nítorí wáyà yìí kò gba ọ̀dọ̀ rédíò kọjá. Fíúsì nìkan ni ó lè dá a dúró.

Nítorí náà, kí fíúsì wà lẹ́bàá bátìrì, kí ó má jìnnà sí i ju ínṣì 18 lọ. Èyí tí ó wà lára áńpílífáyà ní búùtù kò tó: ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni ó ń ṣọ́, ṣùgbọ́n gbogbo gígùn wáyà wà níwájú rẹ̀. Ẹ fi í sọ́kàn pé wáyà ni a ń fi fíúsì ṣọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Bí fíúsì ara áńpílífáyà yín bá jẹ́ ti ampere 30, ẹ fi irú rẹ̀ kan náà sí ẹ̀bá bátìrì, kí wáyà náà sì jẹ́ bàbà gidi tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 8 tàbí tí ó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má gbàgbé pé bí nọ́ńbà wáyà ti ń kéré sí i ni ó ń nípọn sí i. Ihò tí ẹ bá lu sára ògiri irin, ẹ fi rọ́bà sí i, kí irin má bàa máa ha wáyà.

Ní báyìí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà dùn wá jù. Bí fíúsì bá jó, àṣà burúkú kan wà láàrin wa: a ó já okùn wáyà tín-ín-rín kan, a ó fi í dí ibi tí fíúsì wà, orin yóò sì tún máa dún. Àwọn kan tí a ń pè ní rìwáyà pàápàá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà tí ó ń kánjú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbà á. Fíúsì tí ó jó ń kìlọ̀ ni, bí ajá tí ó gbó ní òru. Ẹni tí ó bá fi okùn wáyà rọ́pò rẹ̀ ti pa ajá náà, ó sì ti padà lọ sùn nígbà tí olè ṣì wà lẹ́yìn ilé. Ẹ wá ohun tí ó jó o, kí ẹ tó fi òmíràn tí iye ampere rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba sí i. Ẹ má ṣe fi 30 sí ibi tí 15 wà.

LẸ́YÌN IṢẸ́

Nígbà tí ẹ bá so ohun gbogbo tán, ẹ jẹ́ kí orin dún fún ààbọ̀ wákàtí nígbà tí ọkọ̀ dúró, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan àwọn wáyà àti ìsopọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá gbóná kò dára, ẹ tún un ṣe. Ẹ má ṣe máa lo orin fún wákàtí púpọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́: ohun èlò tí ń mu ampere 5 yóò gbẹ bátìrì tí a kọ 45 sí lára láàrin wákàtí 9, ọkọ̀ sì lè kọ̀ láti ṣí kí ó tó dé ìdajì bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn ọ̀rá tí ń jó lójú ọ̀nà, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo ènìyàn sì kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, àwọn ọmọdé ṣáájú. Ẹ̀rọ ìpaná kékeré kò gbọdọ̀ wọ́n nínú ọkọ̀.

Ẹ sì jẹ́ kí orin náà mọ níwọ̀n, kí awakọ̀ lè máa gbọ́ fèrè àwọn tí ó wà lẹ́yìn, kí etí àwọn ọmọ tí ó jókòó sẹ́bàá sípíkà má sì bàjẹ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá sọ pé òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe lé e. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Fíúsì dà?” Bí ó bá fi í hàn yín lẹ́bàá bátìrì, ẹ jẹ́ kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí kò bá sì rí i fi hàn, kí orin ṣì dákẹ́ ná. Bí iṣẹ́ náà bá ju agbára rẹ̀ lọ, kò sí ìtìjú nínú kí a pe oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n, kí a sì dúró tì í títí yóò fi parí.

Kí orin wa máa dùn, kí ọkọ̀ wa sì máa gbé wa dé ilé ní àlàáfíà.