Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ Aṣọ Kí Ó Tó Fi Àlùmọ́gàjí Kàn Án

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Bóyá ni ẹnikẹ́ni wà lónìí tí ọ̀rọ̀ yìí yé tó àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa aṣọ àti oge ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa. Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ bá ń parí lọ, wọn a pàtẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn fún aráyé rí. Aṣọ òkè a di kóòtù, àdìrẹ a di ṣòkòtò, gèlè a gba ìrísí tí ojú kò rí rí. Àwọn òbí a jókòó, wọn a máa pàtẹ́wọ́. Ohun ìwúrí ni. Ìgbà kan wà tí ó jẹ́ pé ọmọ tí ìwé kò bá wọ̀ lórí ni wọ́n ń fà lé télọ̀ lọ́wọ́. Lónìí, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti òwú ti di ohun tí à ń gba ìwé ẹ̀rí lé lórí, kò sì sí òbí tí ojú ń tì mọ́ láti sọ pé iṣẹ́ náà ni ọmọ òun ń kọ́.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí àgbàlagbà kan dìde láàárín àwọn tó jókòó, kí ó bi akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ìbéèrè mẹ́ta péré. Kí ni orúkọ aṣọ tí o gé yìí? Ta ló hun ún? Kí ni wọ́n fi pa á láró? Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò dákẹ́. Ọjà ni wọ́n ti rà á. Iye tí wọ́n rà á nìkan ni wọ́n mọ̀. Níbi ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ilé ẹ̀kọ́ ti kọ́ ọwọ́ ní gígé, kò tíì kọ́ ojú ní aṣọ mímọ̀.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tí òwe yìí ń wí kì í ṣe aṣọ gbígbó lásán. Ìmọ̀ ni: pé ẹni náà ti rí aṣọ nígbà tó wà ní òwú, ó ti rí i nígbà tó wà lọ́fì, ó ti rí i lóde àríyá, ó sì ti rí bí ó ṣe gbó. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú àwòrán tí akẹ́kọ̀ọ́ ń yà sórí ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a mú aṣọ òkè yẹ̀ wò. Mẹ́ta ni àwọn àgbà kà sí olórí nínú wọn. Sányán ni èyí tí wọ́n ń fi òwú kòkòrò inú igbó hun, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti yanrìn. Àlàárì ni èyí tó pọ́n. Láyé àtijọ́, òwú pupa rẹ̀ a máa gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kí ó tó dé ọwọ́ àwọn ahunṣọ wa. Ẹtù ni èyí tí aró mu títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, tí ìlà funfun tín-ín-rín wá là á já bí ìyẹ́ awó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní òde tirẹ̀, ó sì ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá wọ ẹtù jáde ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ọ̀yọ́ kò tíì la ẹnu kí àwọn tó mọ aṣọ tó mọ ohun tó fẹ́ wí.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti ìtàn nìkan. Ó kan àlùmọ́gàjí gan-an. Aṣọ òkè kò fẹ̀ bí aṣọ ilé ìtajà. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń ti orí òfì jáde, ìbú rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí ínṣì mẹ́rin lọ, etí rẹ̀ méjèèjì sì dì. Aránṣọ àtijọ́ mọ èyí. Ńṣe ló ń fi etí kan etí, tó ń rán wọn pọ̀, tó sì ń ka iye tí agbádá yóò gbà àti iye tí ìró yóò gbà, kí ohun tí yóò ṣòfò má baà pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ àǹkárá, yóò gé e ní rìbìtì gba àárín kọjá. Ojú ibi tó gé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú, òwú yóò máa yọ, iṣẹ́ ahunṣọ yóò sì di àjákù lórí ilẹ̀. Nígbà náà ni yóò sọ pé aṣọ òkè kò dára fún iṣẹ́ òde òní. Aṣọ kọ́ ló kùnà o. Ẹni tó gé e ni kò kí i kó tó gé e.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àdìrẹ rí. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ funfun. Àwọn obìnrin a máa fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọ́. Ní Abẹ́òkúta, a máa tẹ páànù tí wọ́n ti gé ọnà sí lára lé e. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mu ún dáadáa. Aró fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń pò ní ìṣẹ́jú kan. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n ń sá gbẹ. Wọn a sẹ́ omi eérú lé e lórí, wọn a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan nínú ìkòkò títí yóò fi kan. Òórùn rẹ̀ ni aláró fi ń mọ̀ pé ó tó rẹ aṣọ. Abájọ tí àwọn baba ńlá wa fi ní òrìṣà tó ń ṣọ́ iṣẹ́ náà, Ìyá Màpó, ẹni tí wọ́n gbà pé ó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin.

Ọnà ara rẹ̀ náà lórúkọ, ó sì ń sọ̀rọ̀. Àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929 wà lára èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn. Èyí tí wọ́n ya ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti aya rẹ̀ sí jẹ́ ìrántí ayẹyẹ ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n tí ọba náà lò lórí oyè, ní 1935. Ilé ilé ni wọ́n pín aṣọ náà sí, ohun kan sì wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá kà á kó tó gé e, yóò gé òpó Màpó sí méjì, yóò fi ìdajì ẹyẹ sí apá, yóò sì fi ìdajì yòókù sí ẹ̀yìn. Ó lè dára lójú àlejò, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, bí ìwé tí wọ́n ya láàárín ni.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí di kánjúkánjú ni pé ayédèrú ti kún ọjà. Ẹ̀rọ ní òkè òkun, pàápàá ní Ṣáínà, ń tẹ àwòrán àdìrẹ sórí aṣọ olówó pọ́ọ́kú, wọ́n sì ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí àwọn aláró Ìtòkú fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ aṣọ yóò ra ayédèrú, yóò sì pè é ní àṣà. Bí àwọn tó fẹ́ fi aṣọ jẹun lọ́la kò bá mọ ìyàtọ̀, ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Bí aláró kò bá sì rí ẹni rà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò ní jókòó ti ìkòkò aró. Ìran kan ṣoṣo ló tó láti pàdánù iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìran fi kọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé à ń sọ pé kí aṣọ dúró sójú kan. Aṣọ kò dúró sójú kan rí. Láti nǹkan bí 1970 síwájú ni òwú tó ń dán, tí wọ́n ń pè ní ṣáìn-ṣáìn, ti gbòde lára aṣọ òkè, àwọn ahunṣọ fúnra wọn ló sì gbà á wọlé. Ẹni tó mọ ohun kan ló lè yí i padà tí kò fi ní bà jẹ́. Àpẹẹrẹ kan kò jìnnà.

Láàárín 1950 sí 1960 ni Ṣadé Thomas-Fahm, ọmọ Èkó, lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ aṣọ ló fà á lọ́kàn, ó sì kọ́ ọ dé ilé ẹ̀kọ́ Saint Martin's ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ó padà sílé. Nígbà yẹn, aṣọ òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Èkó kà sí aṣọ. Ṣadé kò fi ohun tó kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù pa tilé rẹ́. Aṣọ òkè àti àdìrẹ ló fi ránṣọ. Ó fi síìpù sí ìró kí ó má baà máa tú. Ó ṣe gèlè tí a ti wé sílẹ̀, tí obìnrin kàn máa gbé lé orí. Ó mú agbádá ọkùnrin, ó sọ ọ́ di aṣọ obìnrin. Ta ló lè ronú síìpù sí ìró, bí kò ṣe ẹni tó ti ro ìró, tó ti rìn pẹ̀lú rẹ̀, tó mọ ibi tó ti máa ń tú? Nígbà tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ṣí àfihàn ńlá lórí aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà ní 2022, iṣẹ́ Ṣadé wà nínú ohun tí wọ́n pàtẹ.

Ní ìran tiwa yìí, Kenneth Ize, tí wọ́n bí ní Èkó, tó dàgbà ní ilẹ̀ Ọ́síríà, tó sì kọ́ iṣẹ́ náà ní ìlú Vienna, kò dúró sí ìdí ohun tí olùkọ́ fún un. Ó wá àwọn ahunṣọ lọ sílé, ó sì fi aṣọ òkè tí wọ́n ń hun ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2019, ó wà lára àwọn tó dé ìpele àṣekágbá nínú ìdíje LVMH ní ilẹ̀ Faransé. Ní 2020, ó pàtẹ aṣọ náà ní Párísì. Òfì ló gbé e dé ibẹ̀.

Ohun tó kan aṣọ náà ló kan ara tó wọ̀ ọ́. Láti 1968 ni J. D. Ojeikere ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, ìyẹn ló sì jẹ́ kí àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè rí bí irun ṣe pọ̀ tó. Ṣùkú wà, kòròba wà, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ wà. Nígbà tí ilé gíga àti afárá kún Èkó, àwọn onídìrí kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; wọ́n di onílé gogoro, wọ́n sì di èyí tí wọ́n fi orúkọ Afárá Èkó pè. Bí àṣà ṣe ń tún ara rẹ̀ bí nìyẹn. Osùn, làálì, àdí àti ọṣẹ dúdú wà níbẹ̀ pẹ̀lú fún ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń tọ́jú ara.

Síbẹ̀, mímọ̀ kì í ṣe gbígba ohun gbogbo láìwádìí. Tìróò dára lójú, ṣùgbọ́n òjé wà nínú púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà, òjé sì léwu, pàápàá fún ọmọdé. Èyí tó burú jù lọ ni ìpara abóra. Mẹ́kúrì tó wà nínú àwọn kan lára wọn a máa ba kíndìnrín jẹ́, àjọ NAFDAC sì ti ń kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn. Kò bójú mu pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ẹnu yin àwọ̀ ẹ̀lú lára aṣọ, kí ó sì máa bó àwọ̀ tí Ẹlẹ́dàá fún un.

Àwọn kan yóò sọ pé àkókò kò tó, àti pé aṣọ afọwọ́ṣe wọ́n. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ hun agbádá. Kí ó hun ẹyọ kan péré, kí ó ti ọwọ́ bọ ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan, kí ó kọ ilé kan ṣoṣo nínú àdìrẹ pẹ̀lú ìyẹ́ adìyẹ. Ọjọ́ tí apá bá ro ó lórí òfì ni yóò mọ ìdí tí aṣọ náà fi wọ́n, kò sì ní bá ahunṣọ yọ owó mọ́ bí ẹni ń ra tòmátì.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa fi ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ahunṣọ àti aláró ṣe apá kan ẹ̀kọ́ wọn, kí ó sì wáyé ṣáájú iṣẹ́ àṣekágbá. Kí wọ́n san owó fún àwọn ọ̀gá wọ̀nyí bí olùkọ́, kí wọ́n sì pè wọ́n jókòó nígbà tí wọ́n bá ń fún iṣẹ́ ní máàkì. Ọ̀nà rẹ̀ kò ṣàjèjì: Níkẹ̀ẹ́ Òkúndayé, tó kọ́ àdìrẹ nínú ilé, dá ibùdó sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ti kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ orúkọ ẹni tó hun aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ara rẹ̀ nígbà tó bá pàtẹ rẹ̀. Kí ẹ̀yin àgbà tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín má ṣe fi dù wọ́n. Ohun tí a bá fi pamọ́ títí dé sàréè, ikán ni yóò jogún rẹ̀.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní ẹ̀bùn, wọ́n sì ní ìgboyà. Kí wọ́n kọ́kọ́ kí aṣọ, kí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n mọ òbí tó bí i. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gé e bó ṣe wù wọ́n.