Ẹ Má Fi Náírà Ka Owó Oṣù Ìlú Ọba

Nọ́ọ̀sì tó bá fi ilé ìwòsàn ABU ní Shika, Zaria, sílẹ̀, tó ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ìjọba (NHS) ní England, kì í tíì di ẹrù rẹ̀ tán tí àwọn ará ilé ní Muchia á ti máa bá a ṣírò owó. Lọ́dún owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní 6 April 2025, £31,049 ni nọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ ní ipele owó oṣù 5 gbà lọ́dún níbẹ̀. Ká ní £1 ń lọ ní ₦2,000, owó náà ti lé ní mílíọ̀nù ₦62. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò ọ̀hún ti wọ́. Kò sẹ́ni tí yóò ka £31,049 lé nọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́, kò sì sí onílé ní Leeds tó ń gba náírà.

Ìjọba ìlú Ọba kì í gba owó orí lórí £12,570 àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá pa lọ́dún. Nínú ohun tó bá lé lórí ìyẹn, títí dé £50,270, wọ́n ń yọ £20 nínú £100 kọ̀ọ̀kan. Ti nọ́ọ̀sì yìí jẹ́ nǹkan bí £3,695. National Insurance, owó adójútòfò ìjọba, tún ń gba £8 nínú £100 kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀, ìyẹn £1,478. Bí a bá pín ìyókù sí oṣù 12, kò ju nǹkan bí £2,156 lọ, pẹnṣọ̀n NHS ò sì tíì bu tirẹ̀. Tó bá bù ú tán, nǹkan bí £2,000 ló máa wọ àkáǹtì. Owó ilé, iná, ọkọ̀, àti council tax tí káńsù ìlú ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbénú ilé, inú £2,000 yìí ni gbogbo wọn ti máa jáde. Ẹni tí kò bá sì tíì yege ìdánwò OSCE tí nọ́ọ̀sì tó ti òkèèrè wá ń ṣe, ipele 4 ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa kọ́kọ́ gbé e sí.

Kì í ṣe pé ará Muchia ò mọ owó orí. Ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n agbowó tó ń kanlẹ̀kùn ló fi mọ̀ ọ́n. Àwọn Yorùbá tó bá ọkọ̀ ojú irin dé Zaria láyé àwọn òyìnbó amúnisìn mọ irú owó orí bẹ́ẹ̀ láti ilé. Òun ló fa ìjà àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣáájú wọn, tí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949. Òun náà ló wà nídìí ogun Àgbẹ́kọ̀yà tí àwọn àgbẹ̀ jà ní 1968. Oníṣòwò tó wà ní Sabon Gari lónìí ṣì ń rí agbowó ìjọba ìbílẹ̀ lójúkojú. Á bẹ̀ ẹ́, á bá a jà, á gba rìsíìtì. Àwọn òṣìṣẹ́ olóṣù, bíi ti ABU, ni wọ́n ń yọ tiwọn kó tó dé ọwọ́ wọn, owó náà á sì gba Kàdúná lọ, ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló lè sọ iye tí wọ́n yọ lóṣù tó kọjá?

Ní ìlú Ọba, agbowó kankan kò ní kanlẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà ló ń yọ owó, ẹni tó ni owó ni wọ́n sì retí pé kó rí àṣìṣe. Nọ́ńbà kékeré kan wà lórí payslip tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í wò: kóòdù owó orí. 1257L ni ti ẹni tí wọ́n fún ní £12,570 rẹ̀ pé. Ẹni tó dé ní October ní ẹ̀tọ́ sí gbogbo £12,570 náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mẹ́fà péré ló fi ṣiṣẹ́ kí ọdún owó orí tó parí. Bí wọ́n bá fi M1 sí ẹ̀yìn kóòdù rẹ̀, oṣù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á máa dá ṣírò, wọn ò ní ka àwọn oṣù tó ti kọjá mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ ní October báyìí á san owó tó lé ní £1,200 tí kò jẹ. Èyí tó tún burú ni BR, tí wọ́n sábà máa ń lò fún iṣẹ́ kejì: wọ́n á yọ £20 nínú gbogbo £100, kódà bí iṣẹ́ méjèèjì ò bá tó £12,570 lápapọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ níbí, tí wọ́n tún ń ṣe tọ̀hún, ló ń kó sí i jù.

Owó náà kò sọnù. HMRC, ilé iṣẹ́ owó orí ìlú Ọba, sábà máa ń kọ lẹ́tà lẹ́yìn tí ọdún bá parí láti dá a padà, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, àlejò sì ti kó kúrò ní yàrá àkọ́kọ́ nígbà yẹn. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fún ènìyàn láti béèrè.

Àwọn kan ń sọ pé ìrẹ́jẹ ni National Insurance, nítorí físà àlejò sọ pé kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ẹ̀dùn yìí kì í ṣe kékeré: wọ́n ń gbà, wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn. Síbẹ̀, owó àìsàn àti owó ìbímọ tí agbanisíṣẹ́ ń san kò sí lára ohun tí físà náà kà léèwọ̀. Pẹnṣọ̀n ìjọba náà kò sí lára ohun èèwọ̀ ọ̀hún: ẹni tó bá ti san National Insurance fún ọdún mẹ́wàá ti ní ẹ̀tọ́ sí díẹ̀ nínú rẹ̀, ibi yòówù kó darúgbó sí.

Olè gidi kì í sábà jẹ́ ìjọba. Agbanisíṣẹ́ tó ń rán olùtọ́jú láti ilé aláìsàn kan sí òmíràn, tí kò ka àkókò tó fi wà lójú ọ̀nà mọ́ iṣẹ́, ti lè fi bẹ́ẹ̀ rú òfin owó tó kéré jù. Ejẹ́ńtì tó gba owó ìbániwáṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ ní ìlú Ọba sábà máa ń rú òfin níbẹ̀. Láti 31 December 2024, agbanisíṣẹ́ kò tún gbọ́dọ̀ yọ owó ìwé onígbọ̀wọ́ lára owó òṣìṣẹ́ tó gbé físà Skilled Worker wá.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń lọ béèrè iye tí yóò wọ àkáǹtì rẹ̀ lóṣù kó tó fọwọ́ sí ìwé, kó sì wo kóòdù rẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ará ilé náà, kí ẹ tó béèrè owó ilé tàbí owó ìgbéyàwó, ẹ ní kó ka ìlà ìsàlẹ̀ payslip rẹ̀ fún yín.