Ìwé ìtumọ̀ àlá kò mọ̀ yín: ara yín ni kí ẹ kọ́kọ́ bi

Ọ̀rọ̀ ìlera tòní dá lórí àlá, pàápàá àwọn ìwé pẹlẹbẹ ìtumọ̀ àlá tí wọ́n ń tà ní gáréèjì àti lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù báyìí. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Ẹni tó bá jẹun lójú àlá, wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ. Ẹni tí màlúù ń lé, ọ̀tá ló ń lépa rẹ̀. Ẹni tó bá ara rẹ̀ ní ilé ìwé àtijọ́, ìfàsẹ́yìn ni. Ẹni tí òkú bá bá sọ̀rọ̀, ikú ń pè é. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ iye ọjọ́ tí ẹ máa fi gbààwẹ̀.

Èrò tèmi ni pé àlá lè ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí kò mọ ẹni tó lá a kò lè mọ ìtumọ̀ náà.

Ẹ rántí ìtàn Jósẹ́fù, tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní Yúsúfù. Agbọ́tí ọba àti alásè ọba wà nínú ẹ̀wọ̀n kan náà, wọ́n sì lá àlá. Bíbélì sọ pé agbọ́tí rí ẹ̀ka àjàrà mẹ́ta, alásè rí agbọ̀n mẹ́ta. Ọ̀kan padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n pa èkejì. Ẹnu àwọn fúnra wọn ni Jósẹ́fù ti gbọ́ àlá náà, kò ṣí ìwé kankan. Kódà Artemidorus, ará Gíríìkì tó kọ ìwé ìtumọ̀ àlá ní ohun tó lé ní 1,800 ọdún sẹ́yìn, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ àlá gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó lá a: iṣẹ́ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, bí ara rẹ̀ ṣe rí. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ wa kì í béèrè ìkankan nínú rẹ̀.

Ní 1953, àwọn onímọ̀ méjì ní yunifásítì Chicago, Aserinsky àti Kleitman, ṣàlàyé pé ìgbà kan wà nínú oorun tí ẹyinjú máa ń sáré kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú. Ìgbà yẹn ni a máa ń lá àlá jù. Ó máa ń wáyé bí ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún lóru kan. Ohunkóhun tó bá da oorun rú lè da àlá rú: ibà, oyún, ọtí, ìrònú, ọ̀fọ̀. Àwọn oògùn kan náà wà ńbẹ̀, bíi propranolol tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti mefloquine tí wọ́n ń lò fún ibà.

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù jù rèé. Ká sọ pé ìyá ẹni ọdún 68 kan ní àtọ̀gbẹ, tó ń lo glibenclamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil. Kò jẹun púpọ̀ lálẹ́. Lóru, ṣúgà ara rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Ó lá àlá burúkú, ó jí, òógùn ti bo aṣọ rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, orí ń fọ́ ọ. Ó ṣí ìwé. Ìwé ní ọ̀tá ni, kó gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta. Ó lo oògùn rẹ̀, kò jẹun. Oúnjẹ gan-an ni ara rẹ̀ ń béèrè! Ṣúgà tó bá lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè mú kéèyàn dákú, ó sì lè pa á. Bó bá sì ṣẹlẹ̀, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó rí lójú àlá ni wọ́n máa dì mú.

A máa ń sọ pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Nígbà mìíràn, ikú ilé náà ni àìsàn tí a kò lọ yẹ̀ wò.

Nítorí náà, bí àlá burúkú bá ń wá léraléra:

*1.* Bí ẹ bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tí ẹ sì jí pẹ̀lú òógùn àti orí fífọ́, ẹ yẹ ṣúgà yín wò. Bí kò bá tó 70, ẹ tètè mu omi tí ẹ po ṣúgà sí, kí ẹ jẹun, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Ẹ má gbààwẹ̀ láìbi í.

*2.* Bó bá jẹ́ pé oògùn tuntun ni àlá náà bá wọlé, ẹ sọ fún ẹni tó kọ ọ́ fún yín. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

*3.* Bí bàbá bá ń pariwo, tó ń gbá ìyàwó rẹ̀ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú oorun, ẹ má sọ pé àjẹ́ ló ń bá jà. Ó lè jẹ́ àmì àrùn Parkinson tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fara hàn. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn.

*4.* Ẹni tó jí tí kò lè mira, tí nǹkan tẹ̀ ẹ́ láyà, ọpọlọ rẹ̀ ló jí ṣáájú ara. Kì í pẹ́ tí á fi lọ. Àìsùntó máa ń fà á.

*5.* Opó tó ń lá àlá ọkọ rẹ̀, ikú kọ́ ló ń pè é. Àárò ló ń sọ ọ́. Ẹ jókòó tì í.

Èmi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì lọ yẹ ara wò. Ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́. Ohun rere kan ṣoṣo tí mo rí nínú ìwé wọ̀nyí ni pé wọ́n ń jẹ́ ká lè sọ àlá wa jáde. Ṣùgbọ́n èèyàn ló yẹ ká sọ ọ́ fún. Àwọn àgbà ní àlá kì í bani lẹ́rù ká má lè rọ́ ọ. Ẹ rọ́ ọ fún ẹni tó mọ̀ yín, ẹ rọ́ ọ fún nọ́ọ̀sì náà.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, ní pàtàkì ẹni tí ẹ mọ̀ pé ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tó sì ń gbààwẹ̀. A ó máa jí ire o.