Ìbọn Àmọ̀tẹ́kùn: Ariwo Ti Tó, Ó Kan Ilé-Ẹjọ́

Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ata tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́, oko ni wọ́n ti ń kó wọn wá. Bí ẹ̀rù ajínigbé bá ń ba àgbẹ̀, kò ní lọ sóko. Bí kò bá lọ sóko, owó tí ìyá wa ń ná lọ́jà yóò lé sí i, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwa akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì dín kù. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ló kan ọmọ yunifásítì nínú irú ìbọn tí Àmọ̀tẹ́kùn ń gbé, ìdáhùn mi ni pé ó kàn wá dé inú ìkòkò ọbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ó ti pẹ́ tí a ti ń pariwo lórí ìbọn yìí, ó sì yẹ kí ìpínlẹ̀ Òǹdó gbé e lọ sílé-ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní Oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Abubakar Malami, tó jẹ́ Mínísítà fún ètò ìdájọ́ nígbà náà, fi sọ pé kò bófin mu. Wọ́n jọ jókòó sọ̀rọ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì lọ ṣe òfin tirẹ̀. Ti Òǹdó jáde ní Oṣù Kẹta ọdún yẹn. Ní ọjọ́ 5, Oṣù Kẹfà, ọdún 2022, àwọn apànìyàn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ẹ̀mí tó bọ́ sì lé ní ogójì. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, fídíò kan jáde tó fi àwọn fijilanté Kàtsínà hàn pẹ̀lú AK-47. Gómìnà Rótìmí Akérédolú fárígá. Ó ní bí Kàtsínà bá lè gbé e, Òǹdó náà yóò ra tirẹ̀. Abuja fèsì pé kò sí ìpínlẹ̀ kankan tí wọ́n fún láṣẹ irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Akérédolú kì í ṣe òpè nínú òfin. SAN ni, ó sì ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà rí. Ó kú ní Oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìbéèrè náà ṣì wà nílẹ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Kí ni òfin wí? Ìwé òfin ọdún 1999 fi ìbọn àti ọta sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, abala 214 sì sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà ní. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Irú AK-47 wà nínú èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ Ààrẹ. Ìbọn ọdẹ ìgbàlódé ń fẹ́ ìwé àṣẹ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Ìsọ̀rí kẹta ni ṣakabùlà, tí a ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu. Ẹ wo ọdẹ tó di ṣakabùlà mú nínú igbó níwájú ẹni tó gbé AK-47: kó tó ki ẹ̀tù ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ ti parí.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti fi ọdún púpọ̀ bá ara wọn ṣẹjọ́ lórí ìbọn. Mi ò gbóríyìn fún iye ìbọn tó wà nílùú wọn, ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣẹjọ́ ni mo ń wò. Ní Washington, òfin ọdún 1976 kò jẹ́ kí ará ìlú ní ìbọn ìléwọ́ nílé. Ní 2003, Robert Levy, agbẹjọ́rò tí òun alára kò ní ìbọn, fi owó ara rẹ̀ gbé ẹjọ́ kalẹ̀. Wọ́n fara balẹ̀ ṣa olùpẹ̀jọ́ mẹ́fà. Nígbà tó yá, ilé-ẹjọ́ ní ẹnìkan péré, Dick Heller, ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́. Kí nìdí? Òun ló lọ béèrè ìwé àṣẹ, tí wọ́n sì kọ̀ fún un. Ẹ̀ṣọ́ tó ń gbé ìbọn níbi iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ní in nílé. Ní 2008, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án dá a láre. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ Otis McDonald, bàbá àgbàlagbà kan ní Chicago tí àwọn olè ń fọ́ ilé rẹ̀, mú kí ìdájọ́ yẹn de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń lọ, ìbéèrè kékeré kan lẹ́ẹ̀kan.

Tiwa yàtọ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ìwé òfin wọn sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn láti 1791. Tiwa kò sọ ọ́. Bí Òǹdó bá lọ sọ fún adájọ́ pé kó gba agbára ìbọn lọ́wọ́ Abuja, yóò fìdí rẹmi. Ìbéèrè kékeré ló yẹ kó mú lọ. Kó kọ̀wé béèrè ìwé àṣẹ ní orúkọ Àmọ̀tẹ́kùn, kó ka iye ìbọn, ibi tí wọn yóò kó wọn sí, àti ẹni tí yóò máa kọ wọ́n sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, tàbí tí wọn kò fèsì, kó wá bi Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, tí abala 232 ní kí irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀ máa lọ tààrà: ṣé ìjọba àpapọ̀ lè kọ̀ fún àjọ tí òfin ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ láìsọ ìdí?

Ẹnìkan á ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni láàárín ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ wa mọ ọ̀nà kóòtù dáadáa. Ní 1983, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sì pa èèyàn ní Àkúrẹ́ lórí ìbò. Iná yẹn kọ́ ló dá Ajásin padà sípò, ilé-ẹjọ́ ni. Ilé-ẹjọ́ ló gbé Mímíkò wọlé ní 2009. Ìpínlẹ̀ Òǹdó kan náà ló pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́ lórí òfin ICPC. Ní 2002, ilé-ẹjọ́ fi òfin náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gé apá kan nínú rẹ̀ kúrò.

Ẹ̀rù tó tóbi jù ni pé kí gómìnà kan má sọ Àmọ̀tẹ́kùn di jàǹdùkú ìdìbò. Ẹ̀rù yẹn ba èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ gan-an ló ń mú ààlà wá. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ ní 2024, nínú ẹjọ́ Rahimi, pé òfin lè gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti rí i pé ó ń halẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn. Ìbọn tí wọ́n fi ìwé àṣẹ gbà ní nọ́ńbà, a sì mọ ẹni tí a ó bi léèrè. Èyí tí wọ́n bá rà ní kọ̀rọ̀ kò ní.

Bí Òǹdó bá jàre, Àmọ̀tẹ́kùn yóò mọ ohun tó lè gbé. Bó bá jẹ̀bi, a ó mọ̀ pé àwọn aṣòfin ní Abuja ló kù ká dojú kọ, a ó sì lè bi èyí tó bá wá tọrọ ìbò wa pé kí ló fẹ́ ṣe sí i. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ó sàn ju kí ọdẹ máa kú nínú igbó nígbà tí àwọn àgbà ń fèsì síra wọn lórí rédíò.