Kọ̀ǹpútà Tí Kò Rí Hard Disk Rẹ̀ Mọ́

Ìyá kan tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Ìdóàní kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n tan kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn, ṣùgbọ́n dípò kí Windows yọjú, ojú dúdú ni wọ́n rí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ funfun kan: “No bootable device.” Àkọsílẹ̀ owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti dá láti ọdún 6 wá wà nínú rẹ̀. Fọ́tò ìsìnkú bàbá wọn náà wà níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Ẹnì kan ti ní kí wọ́n gbé e wá, kí òun bá wọn fọ́ọ̀mátì rẹ̀. Kíá ni mo fèsì pé kí wọ́n má tíì gbé e lọ. Ẹni tó fẹ́ fọ́ọ̀mátì láìṣe àyẹ̀wò dà bí dókítà tó ń gbẹ́ ilẹ̀ kí ó tó wo aláìsàn.

Kí Windows tó jí, ètò kékeré kan ti kọ́kọ́ jí nínú kọ̀ǹpútà. BIOS ni wọ́n ń pè é. Ti ìgbàlódé ń jẹ́ UEFI. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ti olùkọ́ tó ń pe orúkọ láàárọ̀: ó pe mẹ́mórì, ó pe hard disk, lẹ́yìn náà ni yóò wá ẹni tí yóò fa iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ìbéèrè méjì ló wà nígbà náà. Ṣé hard disk kò dáhùn rárá ni? Àbí ó dáhùn, ṣùgbọ́n BIOS kò rí ohun tí yóò fi tan kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀?

Láti mọ èyí tó jẹ́, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ gbogbo flash tó wà lára rẹ̀ (flash tí a gbàgbé síbẹ̀ nìkan ti tó láti dá wàhálà yìí sílẹ̀), ẹ tún un tàn, kí ẹ sì máa tẹ F2 léraléra. Lára HP, F10 ni. Lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, Delete ni. Bí ẹ bá rí orúkọ hard disk níbẹ̀, ẹ mí kanlẹ̀.

Ìyá náà rí i. Mo ní kí wọ́n wo ọjọ́ pẹ̀lú: ọdún 2012 ni kọ̀ǹpútà náà sọ pé a wà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Bátìrì pẹlẹbẹ kan tó dà bí owó ẹyọ, CR2032, ló máa ń bá irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ rántí ètò rẹ̀ nígbà tí kò bá sí iná. Nínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, ó lè ti kú kó tó dé ọwọ́ wa. Bí iná bá pẹ́ kó tó dé, tí bátìrì ńlá sì gbẹ, BIOS yóò padà sí ètò tó bá ilé-iṣẹ́ wá, ó sì lè fi Legacy rọ́pò UEFI. Windows tí wọ́n fi UEFI gbé kalẹ̀ kò ní jí nínú Legacy. Wọ́n dá a padà sí UEFI, wọ́n fi í pamọ́, àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ sì yọ. Wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì náà.

Bí orúkọ kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ yọ wáyà iná àti bátìrì, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tú u níwájú yín. Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, wáyà méjì ló sábà ń lọ sí hard disk, ọ̀kan fún iná, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀. Èyíkéyìí lè tú díẹ̀ nígbà tí a bá gbé kọ̀ǹpútà sórí ọ̀kadà. Kí ó yọ wọ́n, kí ó nu eruku, kí ó kì wọ́n padà dáadáa, kí ó sì dán wáyà mìíràn wò.

Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Bí hard disk bá ń dún kọ́, kọ́, kọ́ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, ẹ má tàn án mọ́. Èyí tí IBM kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1956 ní àwo 50, ó tóbi ju fìríìjì lọ, kò sì gbà ju nǹkan bí mílíọ̀nù 5 lẹ́tà. Tòní wọ inú àpò, ṣùgbọ́n ìṣesí wọn kò yàtọ̀: àwo ń yí, orí kékeré kan ń fò lókè rẹ̀, àlàfo àárín wọn sì kéré ju hóró eruku ọyẹ́ lọ. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún tan èyí tó ń dún bẹ́ẹ̀, orí náà lè ha ojú àwo sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má sì gbé e sínú fìríìsà, ohun yòówù kí aládùúgbò sọ. SSD ní tirẹ̀ kò ní àwo, kì í dún. Ó lè kú láìkìlọ̀.

Bí kò bá dún, tí wáyà tuntun kò sì ràn án, ẹ fi àpò USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ìyẹn bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ fọ́ọ̀mátì rẹ̀, ẹ tẹ Cancel. Bí ó bá ṣí, fọ́tò àti àkọsílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kó, fíìmù lè dúró. Bí ẹ bá sì ní láti gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀ tàbí Àkúrẹ́, ẹ dúnàádúrà kí oníṣẹ́ tó tú ìdè àkọ́kọ́: owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, owó kíkó ọ̀rọ̀ jáde lọ́tọ̀.