Kámẹ́rà tòkunbọ̀ àbí tuntun? Ẹ kọ́kọ́ wo ojú ọmọ yín

Bí ẹ ṣe rí àkọlé yìí, ẹ lè máa rò ó pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ kámẹ́rà. Ó kàn án, ẹ ó sì rí i kí a tó parí.

Látìgbà tí àwòrán Ọ̀gbẹ́ni Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba ọdún 2024 ti kárí ayé, ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ti wọ ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè wa. Ọmọ tó ń kàwé ní OOU ní Àgọ́-Ìwòyè fẹ́ kí ìyá òun ra ọ̀kan fún òun, kí òun lè máa fi ya àwọn ẹlẹgbẹ́ òun lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Bàbá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó fẹ́ kí àwòrán àwọn ọmọ-ọmọ òun wà nílẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ. Àwọn tó wà ní Àbígí, Ìbíadé àti Ìwọpin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, kò gbẹ́yìn. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: ṣé kí wọ́n ra tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀, àbí kí wọ́n tọ́jú owó títí wọn yóò fi lè ra tuntun?

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Fún ìlò ilé, tí kì í ṣe fún òwò, kámẹ́rà tòkunbọ̀ tí ara rẹ̀ ṣì le ti tó. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye tí náírà jẹ́ sí dọ́là, ohun gbogbo tó ń ti òkè òkun wá ni owó rẹ̀ ti fò sókè, kámẹ́rà tuntun sì wà lára wọn. Owó tí ìdílé kan lè fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún bàbá àti ìyá fún oṣù púpọ̀ kò yẹ kó bọ́ sórí ẹ̀rọ tí wọn yóò gbé jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré lọ́dún.

Àwọn tó ń tà á yóò máa ka megapixel sí yín létí. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Megapixel kan kò ju àmì kéékèèké mílíọ̀nù kan lọ, àwọn àmì yìí ló ń para pọ̀ di àwòrán. Àwòrán tí a fẹ́ gbé kọ́ ògiri, tó jẹ́ íńṣì 8 sí íńṣì 10, kò nílò ju nǹkan bíi megapixel 7 lọ kó tó mọ́ kedere. Nikon D90 tó jáde lọ́dún 2008 ní megapixel 12. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ohun tí tuntun fi ju ti àtijọ́ lọ ni pé ó máa ń ríran dáadáa níbi tí iná kò ti tó, ó máa ń wá ojú èèyàn kàn fúnra rẹ̀ kí àwòrán má baà ṣe bàìbàì, fídíò rẹ̀ sì mọ́ jù. Gbogbo èyí wúlò fún ẹni tó ń gbowó láti ya òde alẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ìyá àgbà tó ń ya ọmọ jòjòló ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kódà, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fi ṣòwò, n kò rò pé tuntun ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀. Kó ra tòkunbọ̀ tó dáa lọ́wọ́ ẹni tí a mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ bá mówó wọlé, iṣẹ́ náà ni yóò ra tuntun fún un.

Àmọ́ o, a kì í fi ojú òde nìkan ra tòkunbọ̀. Awò iwájú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní lẹ́ǹsì, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ́ ẹ sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀, èbu ni. Ìbátan èyí tó máa ń hù lórí búrẹ́dì ni, ó sì fẹ́ràn ibi tó tutù, tó ṣókùnkùn, tí atẹ́gùn kì í dé. Ẹ̀yin ará Ogun Waterside ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù níbi yìí, nítorí omi ló yí yín ká. Kámẹ́rà tẹ́ ẹ bá dì sínú àpò awọ, tẹ́ ẹ kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí dé òpin rẹ̀, yóò bu, ì báà jẹ́ tuntun. Inú ike tó ní ìdérí tó le ni kẹ́ ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí, kẹ́ ẹ sì kó àwọn àpò kékeré tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun tì í, àwọn ló máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi wọ́n sẹ́nu. Àwọn tó sún mọ́ òkun, bíi Mákun-Omi àti Òde-Omi, tún ní láti máa nu ara rẹ̀ dáadáa, nítorí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ irin.

Ẹ wo bátìrì rẹ̀ náà. Bí ó bá ti wú, ẹ má gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fẹ́ fún yín. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lè gbiná, kò sì sí ẹni tó yẹ kó jóná nítorí àwòrán. Ẹ tún bi ẹni tó ń tà á léèrè iye ìgbà tí wọ́n ti fi kámẹ́rà náà yàwòrán. Nínú àwọn kámẹ́rà ńlá, ìlẹ̀kùn kékeré kan wà tó máa ń ṣí, tó sì máa ń padé ní gbogbo ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, àwọn tó ń ṣe wọ́n sì máa ń dán ti ọ̀pọ̀ wọn wò dé nǹkan bí ìgbà 100,000.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èmi gan-an nìyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní álíbọ́ọ̀mù ayé fíìmù nílé, ẹ ó rántí àwọn àwòrán tí ojú gbogbo èèyàn máa ń pọ́n roro bí ojú iwin, táwọn ọmọdé máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Iná fíláàṣì ló gba ọmọlójú wọlé, tó lu awọ ẹ̀yìn ojú tí ẹ̀jẹ̀ kún, tó sì tún padà jáde. Bí fíláàṣì bá ṣe sún mọ́ lẹ́ǹsì tó ni pípọ́n náà ṣe máa ń hàn tó, ìdí nìyẹn tó fi wọ́pọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà kékeré àtijọ́. Lójú àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà, àléébù ni. Wọ́n wá ṣe é kí fíláàṣì kọ́kọ́ máa ṣẹ́jú kí ọmọlójú lè kéré, àwọn mìíràn sì máa ń pa pípọ́n náà rẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya àwòrán tán.

Fún àwa nọ́ọ̀sì, pípọ́n yẹn dára. Ó ń sọ pé iná ráyè wọlé dé ẹ̀yìn ojú. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó lè má pọ́n tó bẹ́ẹ̀, ó lè dà bí àwọ̀ ọsàn. Ohun tí a ń wá ni pé kí méjèèjì bára mu. Bí ojú kan bá pọ́n, tí èkejì ń tàn funfun tàbí ràkọ̀ràkọ̀ bí ojú ológbò lóru, ó lè jẹ́ kátáráàtì, nítorí ọmọdé náà máa ń ní in. Ó sì lè jẹ́ retinoblastoma, ìyẹn àrùn jẹjẹrẹ tó máa ń mú ẹ̀yìn ojú àwọn ọmọdé, pàápàá àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Kì í fi bẹ́ẹ̀ dun ọmọ níbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń tan òbí jẹ. Tí wọ́n bá tètè rí i, ọmọ á yè, ojú náà sì lè ṣeé gbà sílẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ìgbà tí ẹyinjú ti yọ síta ni wọ́n máa ń gbé ọ̀pọ̀ wọn wá.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, onímọ̀ kẹ́místrì kan wà ní Yunifásítì Baylor ní Texas, Bryan Shaw lorúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i nínú àwòrán pé ojú Noah ọmọ wọn ń tàn funfun. Retinoblastoma ni, lọ́dún 2008, ojú kan sì lọ sí i. Lẹ́yìn náà ni bàbá yìí padà tú gbogbo àwòrán ọmọ náà, ó sì rí i pé láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní ọmọ ọjọ́ 12 ni funfun náà ti ń hàn, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó jẹ́. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò kan tí fóònù fi ń wá irú funfun yẹn nínú àwòrán. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019, wọ́n yẹ àwòrán àwọn ọmọ 20 tó ní àrùn ojú wò, ètò náà sì rí àmì nínú ti ọmọ 16, ní ìpíndọ́gba ju ọdún kan lọ kí dókítà tó mọ̀.

Nítorí náà, tí ọmọ kékeré bá wà nílé yín, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ṣé fíláàṣì wà lára kámẹ́rà náà. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tuntun olówó gọbọi ni kò ní in lára mọ́, ẹ ó tún lọ ra tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Kámẹ́rà kékeré àtijọ́ tó ní fíláàṣì yóò ṣe iṣẹ́ yìí, fóònù tó ní fíláàṣì náà yóò ṣe é. Lára kámẹ́rà, ẹ wá ibi tí wọ́n ya àmì ojú sí nítòsí àmì fíláàṣì, kẹ́ ẹ pa á. Ẹ jẹ́ kí iná yàrá ṣókùnkùn díẹ̀, ẹ sún sẹ́yìn, kí ọmọ wo kámẹ́rà gan-an, kẹ́ ẹ sì yà á. Iná fíláàṣì kì í ba ojú ọmọ jẹ́.

Kí ẹ má baà dá ẹ̀rù sílẹ̀ lásán, ẹ mọ̀ pé tí ọmọ bá wo ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, iná lè lu ibi tí iṣan ojú ti wọlé, kí ojú tó dáa pátápátá sì tàn funfun. Ẹ tún un yà, ẹ tún un yà lọ́jọ́ mìíràn. Bí ó bá ṣì hàn, tàbí tí ojú kan bá ń wo ibòmíràn nígbà tí èkejì ń wo ọ̀ọ́kán, ẹ má dúró mọ́. Tí àwòrán bá sì mọ́, kò túmọ̀ sí pé a ti yẹ ojú ọmọ wò.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kán wàrà ọmú, ìtọ̀ tàbí àgbo sójú ọmọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, wọn yóò kọ ìwé fún yín lọ sí ẹ̀ka ojú ní OOUTH Ṣágámù tàbí UCH Ìbàdàn. Ẹ mú àwòrán náà dání, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ yà á sẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ bá pé ojú ọmọ ń tàn funfun. Bí ọmọ náà bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ṣì kéré, ẹ mú àwọn náà lọ fún àyẹ̀wò, nítorí irú retinoblastoma kan wà tó máa ń ràn nínú ìdílé.